Omi Tí Súbérù Kò Mu

Bí ẹ bá wọ Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú, tí ẹ ní Súbérù oníbàtà lẹ ń wá, wọ́n lè mú yín dé ilé mẹ́ta kí wọ́n tó dá yín padà sójú títì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé Awòṣin lẹ ń wá. Ajá tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga á dìde, á gbọn ara nù, á sì ṣáájú yín lọ.

Awòṣin yìí kò ní ẹṣin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gùn ún láyé rẹ̀, ẹṣin ọ̀hún sì gbé e sọ sáàárín àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Odidi oṣù mẹ́ta ni ológbò fi ń tẹ̀lé e kiri. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pinnu pé ilẹ̀ lòun á máa dúró sí, ojú lòun á máa fi gun ẹṣin.

Ojú náà sì jẹ́ ojú. Wọ́n ní ó lè wo ìgbẹ́ ẹṣin láàárọ̀, kó sọ ohun tí ẹni tó ni ẹṣin jẹ lálẹ́ àná. Bí èyí bá ti le jù, ẹ yọ ìdajì rẹ̀ dànù. Ìdajì tó kù ṣì tó ohun tí ẹ máa gbé lọ sílé.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Èrèlé, nígbà tí ọ̀sà bá fà sẹ́yìn ní Ejìnrìn, ẹṣin mẹ́fà láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́ máa ń sáré lórí yanrìn tí omi fi sílẹ̀. Yanrìn etí omi le bí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Bó ṣe ń lọ sókè ló ń rọ̀ sí i, títí tí ẹṣin tó wà lókè pátápátá á fi dà bí ẹni tó ń sáré nínú ògì. Nítorí náà, ẹni tó bá gba etí omi ti gba ìdajì eré. Ta ló máa gbà á? Awòṣin ló ń sọ ọ́. Á yí ilé gbogbo àwọn tó ni ẹṣin ká láàárín ọ̀sẹ̀, á wò, á fọwọ́ kàn, á fetí sí mímí. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, á dúró lórí ẹní níwájú gbogbo ènìyàn, á pe ẹṣin láti orí ẹ̀kíní dórí ẹ̀kẹfà. Bó ṣe pè wọ́n ni wọ́n ṣe máa tò láti etí omi lọ sókè.

Kí ojú má baà tan ojú, àwọn àgbà fi omi sí i. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, kí Awòṣin tó fọwọ́ kan ẹṣin, wọ́n á gbé igbá omi kan jáde. Ẹṣin á mu, ẹni tó ni ín á mu, Awòṣin á mu, láti inú igbá kan ṣoṣo. Bí omi yẹn bá ti wọ ọ̀fun, tí ẹnìkan wá fi àìsàn ẹṣin rẹ̀ pamọ́, ilé rẹ̀ kò ní mú ẹṣin wá sí Ejìnrìn mọ́ fún ọdún méje. Bí wọn kò bá mu ún, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ọrùn Awòṣin ló wà. Ọdún méjìlélógún ni Súbérù fi ń mu itọ́ ẹṣin mọ́ omi kànga, inú kò run ún rí. Ó ní itọ́ ẹṣin sàn ju ohun mímu inú ike tí wọ́n ń tà ní ìdíkọ̀ lọ.

Ilé kan ṣoṣo ni kì í ti í mu ún.

Ọjọ́ tí wọ́n bí Súbérù ní Ẹ̀pẹ́ ni ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀rẹ́ olóògbé náà, Ìyá Mardiyah tó ń ta ẹja ní Ejìnrìn, ní ọmọ oṣù mẹ́jọ kan lọ́wọ́ nígbà náà, Bísíríyù lorúkọ rẹ̀. Obìnrin náà gbé Súbérù sí ọmú òsì, ó ní kí Bísíríyù máa mu tọ̀tún. Wọ́n ní Bísíríyù a máa na ọwọ́ kọjá àyà ìyá rẹ̀ láti gbá àlejò létí, àlejò á dijú, á máa mu tirẹ̀ lọ. Àwọn ààfáà sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ọmọ ọmú kan, ọmọ ìyá kan ni, wọn kò lè fẹ́ àbúrò ara wọn láéláé. "Ọmọ Ìyá" ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn. Nígbà tí Ìyá Mardiyah sì kú, Súbérù àti Bísíríyù ni wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè láti gba òkú rẹ̀, tí wọ́n jọ tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Súbérù wáṣẹ́ lọ sí Ìkòròdú. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ náà pa. Ló bá kọ́ iṣẹ́ awọ, ó ń rán bàtà, ó ń tún gàárì ṣe. Gàárì gan-an ló kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ẹṣin. Ibi tí awọ bá ti jẹ jù, níbẹ̀ ni ara ti ń ro ẹṣin. Lọ́jọ́ kan, ó dá gàárì padà fún Awòṣin àtijọ́, ó ní, "Bàbá, ẹṣin tó ni èyí, èjìká òsì ń dùn ún." Bàbá lọ yẹ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Kí ó tó kú, ó ní kí wọ́n fa ẹní náà lé Súbérù lọ́wọ́.

Kò fi iṣẹ́ yìí kọ́lé. Ẹnìkan fẹ́ fún un ní adìyẹ kan lọ́dún kan, kó lè fi ojú rere wo ẹṣin òun. Súbérù ní kí adìyẹ máa lọ. Adìyẹ náà sì lọ lóòótọ́, ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Lásunwọ̀n padà sí Ẹ̀pẹ́, ó yé ẹyin méjì lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo ni Súbérù ní láyé: bó bá ti sọ̀rọ̀ lórí ẹní yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó ń tún un wò.

Ní Èrèlé ọdún yìí, ààwẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn, gbogbo ẹni tó ní ọmọbìnrin ń sáré fi í fọ́kọ kí oṣù tó lé. Súbérù bẹ̀rẹ̀ ìwòran tirẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, lọ́dọ̀ Adélàjà tó ń ta pákó ní Ìkòròdú. Wọ́n mu omi. Ẹṣin Adélàjà ń jẹ́ Arógunyọ̀, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ọ̀nà. Súbérù ní kí wọ́n gùn ún yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá fi etí lé ìhà rẹ̀, ó ń ka mímí.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ yẹn."

Wọ́n tan án. Arógunyọ̀ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìdí wó àkójọ pákó.

"Ó ń bẹ̀rù jẹnẹrétọ̀," Súbérù wí.

"Bàbá, àwa náà ń bẹ̀rù rẹ̀," Adélàjà dáhùn. "Ẹ ò mọ iye tí epo ń jẹ́ ni?"

"Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì pọ̀ létí omi Ejìnrìn. Tí mo bá fi í síbẹ̀, inú oko ló máa sáré dé."

Adélàjà ronú sí i, ó ní lóòótọ́, ẹṣin òun fẹ́ràn oko.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹṣin mẹ́ta kò pẹ́ ẹ láàárọ̀. Ọ̀kan ń wúkọ́ bí bàbá àgbà, ọ̀kan ti sanra débi pé kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́, ẹ̀kẹta ṣì kéré, wọ́n kàn ń mú un bọ̀ kó lè rí ayé ni. Ní ọ̀sán, ó dé ọ̀dọ̀ Hussein, apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Abo ẹṣin ni tirẹ̀, Wéréwéré, ó kúrú, ó tinrín, àwọ̀ rẹ̀ dà bí tii tí wàrà pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Súbérù mu omi, ó ní kí Hussein fi ẹṣin náà rìn lórí ẹrẹ̀ etídò. Kò wo ẹṣin. Ojú ẹsẹ̀ tó fi sílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Pátákò ẹ̀yìn ń bọ́ sójú ibi tí tiwájú ti gbéra gẹ́lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" ó bi Hussein.

"Ebi ni, Bàbá. Kì í fẹ́ fi agbára ṣòfò."

"Ṣé o máa gùn ún fúnra rẹ?"

"Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? Ẹ sọ òótọ́ fún mi, Bàbá, ṣé ó máa gba etí omi?"

"Ṣé Jímọ̀ lòní?"

"Rárá, sà."

"Jẹ́ kí Jímọ̀ dé."

Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tó gbé e kúrò níbẹ̀, Súbérù ti fi Wéréwéré sí etí omi lọ́kàn ara rẹ̀. Bí ìwòran bá parí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, ìtàn yìí ì bá má sí.

Ọjọ́rú ló dé ilé Bísíríyù ní Ejìnrìn. Ilé ń hó. Sìlífátù, ọmọ Bísíríyù, ni wọ́n fẹ́ fi fọ́kọ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn eré. Àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò kalẹ̀ káàkiri, òórùn làálì gba gbogbo àgbàlá. Bísíríyù jáde, ó ga bí igi àgbọn, ẹ̀rín rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ bọ̀.

"Ọmọ Ìyá! Kí ló jẹ ẹran ara rẹ tán báyìí? Ṣẹ̀rífátù kì í fún ọ lóúnjẹ ni?"

"Ó ń fún mi. Ìwọ lo ń jẹ tèmi mọ́ tìrẹ, bí o ti ń ṣe láti kékeré."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dì mọ́ra. Bísíríyù wọlé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé igbá omi jáde.

"Omi rèé o. Òfin ni òfin."

"Gbé e kúrò níwájú mi jàre," Súbérù wí. "Ọmú tí a jọ mu ńkọ́? Kí ni omi kànga tún fẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn ìyẹn?"

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bísíríyù!"

Bísíríyù da omi náà sí ìdí ògiri. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àpárá àárín ọmọ ìyá méjì ni. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, á kọ́kọ́ bẹ Súbérù, á gbé igbá lé e lẹ́nu, á ní kó kàn tọ́ ọ wò lásán. Lọ́dún yìí, kíá ló dà á nù.

Ẹṣin rẹ̀, Ìràwọ̀, dúró lábẹ́ igi mángòrò. Ẹṣin pupa ni, funfun kan wà níwájú orí rẹ̀, ó rẹwà débi pé ewúrẹ́ méjì dúró tì í, wọ́n gbàgbé koríko ẹnu wọn. Wọ́n ti lé làálì fún un láti pátákò dé orúnkún, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Làálì lónìí?" Súbérù bèèrè. "Àárọ̀ eré kọ́ ni wọ́n ń lé e ni?"

"Àwọn obìnrin ni. Wọ́n gún ti ìyàwó, ó ṣẹ́ kù, ni Sìlífátù bá ní kí wọ́n lé e fún Ìràwọ̀ náà. Ó ní àwọn jọ ń ṣe ìyàwó ni."

Súbérù rẹ́rìn-ín. Ó wo eyín ẹṣin, ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lọ ọrùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti di ẹsẹ̀ mú ni Bísíríyù pariwo.

"Rọra o! Kò tíì gbẹ. Tó bá bà jẹ́, Sìlífátù á sunkún débi tí ọkọ á fi dá a padà."

Súbérù fa ọwọ́ padà. Ó ní kí wọ́n mú ẹṣin sáré díẹ̀. Bísíríyù bi í pé níbo, ṣé lórí ìkòkò àwọn obìnrin wọ̀nyí? Ẹ̀yìn ilé ló mú un lọ, lórí yanrìn tó rọ̀ bí elùbọ́, ó fà á ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, mẹ́fà bọ̀. Nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú bá tẹ ilẹ̀, etí òsì ẹṣin náà á gbọ̀n. Súbérù rí i.

"Kí ló ń ṣe é létí?"

"Eṣinṣin."

Súbérù wá eṣinṣin náà pẹ̀lú ojú tó fi ń rí ohun tí ènìyàn jẹ lálẹ́ àná. Kò rí i. Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ Bísíríyù ti gbé apá lé e léjìká, apá tó wúwo tó sì gbóná.

"Ọmọ Ìyá, ó ti tó, ẹja ti jinná. Ìyàwó ọjọ́ Àìkú fúnra rẹ̀ ló sè é fún ọ."

Ẹja náà tóbi débi pé ìrù rẹ̀ jókòó lórí àga tirẹ̀. Súbérù jẹ ẹ́. Nígbà tó fi máa wọ ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú, eṣinṣin náà ti wà lóòótọ́ lójú rẹ̀. Ó ń rántí àwọ̀ rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dúró lórí ẹní. Fóònù tó wà lókè pọ̀ ju fìlà lọ. Ó ní, "Ìràwọ̀ ni àkọ́kọ́. Wéréwéré ni èkejì. Arógunyọ̀ ni ẹ̀kẹta." Ariwo sọ. Hussein wò ó bí ẹni tí wọ́n gba àwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Wọn kì í dá ọ̀rọ̀ Awòṣin padà.

Kí wọ́n tó ká ẹní tán, Bísíríyù àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláòtán, tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí etí ọ̀sà, ti bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọláòtán ti ń wá ẹṣin tó máa gbé orúkọ òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kiri. Ó ti sọ fún gbogbo ènìyàn tẹ́lẹ̀ pé èyí tí Awòṣin bá fi ṣáájú lòun máa rà, òun kò ní dúró de eré. Ìràwọ̀ kúrò lọ́wọ́ Bísíríyù nídìí ẹní yẹn. Ẹnu ẹni tó ń ta omi tútù ni Súbérù ti gbọ́ ọ.

"Kò sọ fún mi," ó wí fún Ṣẹ̀rífátù ìyàwó rẹ̀ nígbà tó délé.

"Ìnáwó ìyàwó ni," Ṣẹ̀rífátù wí.

"Ìnáwó ìyàwó ni," òun náà wí. Ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan títí di àárọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹṣin mẹ́fà tò láti etí omi lọ sókè. Wọ́n ju àsíá sílẹ̀. Ìràwọ̀ gbéra bí ìjì. Súbérù gan-an fò sókè, fìlà rẹ̀ bọ́. Wéréwéré ń tẹ̀lé e, orí rẹ̀ wà ní ìdí Ìràwọ̀, Hussein dùbúlẹ̀ lé e lọ́rùn. Ní ìdajì ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú Ìràwọ̀ ṣẹ́ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí igi tí ikán ti jẹ. Ó subú síwájú Wéréwéré. Abo ẹṣin náà yà, ara rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Hussein fò lọ ó fi apá balẹ̀. Àwọn tó wà lókè bèbè gbọ́ bí egungun ṣe dún. Arógunyọ̀ kọjá lára wọn, ó gba ipò kìíní láìmọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Súbérù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Ìràwọ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó wá di ẹsẹ̀ náà mú. Ó gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Lábẹ́ làálì, kókó kan wà tó tó ẹyin adìyẹ, ó ti le, ó ti dàgbà. Kókó yẹn kì í ṣe ọmọ òní. Ó ti lé ní oṣù kan.

"Ta ló ní ẹṣin yìí dáa?" Ọláòtán ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá tó dúró lórí ẹní dà?"

"Ó ti ta ojú rẹ̀!" ẹnìkan wí nínú èrò. "Awòṣin ti ta ojú!"

Wọ́n gbé Hussein kọjá. Ó la ojú, ó wo Súbérù, ó tún un dì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Súbérù lọ sílé Bísíríyù. Wọ́n ti ń ta ìbòòji sílẹ̀ fún ìyàwó, Bísíríyù fúnra rẹ̀ ló ń fa okùn.

"Láti ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yẹn ti wú?"

"Súbé, jókòó."

"Mo ti jókòó tó nílé yìí. Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Mo ń mú un dúró nínú ẹrẹ̀ ọ̀sà láràárọ̀, ó ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé ó máa gba eré kan yìí."

"Mo bi ọ́ léèrè. O wojú mi, o purọ́ fún mi."

"Irọ́ wo? Etí lo bi mí. O ò bi mí lẹ́sẹ̀."

Bísíríyù ta okùn mọ́ òpó, ó tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó rọ̀ ọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

"Súbé, gbọ́. Àbí a jọ mu omi ni? Mo gbé omi wá. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé e. Ìwọ lo ní kí n gbé e kúrò. Ká ní o mu ún ni, ǹ bá sọ fún ọ."

"O mọ̀ pé mi ò ní mu ún."

Bísíríyù fa okùn náà wò bóyá ó le.

"Mo mọ̀," ó wí.

Sìlífátù yọrí láti inú ilé, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún làálì dé ọrùn ọwọ́, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá mi, ṣé wọ́n ti fún yín lóúnjẹ?" Súbérù ní òun ti yó. Ó súre fún un, ìre náà sì jẹ́ ìre gidi, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ń so yìgì, àga bàbá kejì ìyàwó ṣófo.

Àwọn àgbà ránṣẹ́ pé ọjọ́ Ajé làwọn máa jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́: wọ́n mu omi ni, tàbí wọn kò mu ún?

Ṣẹ̀rífátù kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa. "Bàbá Lateefat, ẹ ní ẹ mu ún."

"A ò mu ún."

"Ta ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin méjì àti ẹṣin. Ẹṣin ò lè wá jẹ́rìí. Tí ẹ bá ní ẹ mu ún, ọdún méje ló máa fi jókòó, ẹní yín á sì wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá ní ẹ ò mu ún, òun á lọ máa jẹ ẹran ìyàwó, ẹ̀yin lẹ máa ru igbá ẹ̀tẹ́. Ọkùnrin yẹn fi yín ṣe àtẹ̀gùn."

"Mo mọ̀."

"Irọ́ lẹ máa pa mọ́ òpùrọ́. Ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ irọ́?"

Súbérù wá bàtà rẹ̀ títí. Bàtà tó rán fún ayé kò lóǹkà, tirẹ̀ kò jẹ́ kó rí òun láàárọ̀ yẹn.

Iwájú ilé Alhaji Tàjùdéèn, olórí àwọn àgbà eré ní Ejìnrìn, ni wọ́n jókòó sí. Hussein wà níbẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ọláòtán wà níbẹ̀. Bísíríyù jókòó sí ìlà iwájú nínú aṣọ tuntun tó kù lára ìgbéyàwó, ó ń tẹ fóònù.

"Súbérù," Alhaji wí, "ẹnu rẹ la ń wò. Ẹ̀yin méjèèjì mu omi, àbí ẹ ò mu ún?"

"A ò mu ún, sà."

Alhaji dijú díẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni òun fúnra rẹ̀ ti ń tẹ́ ẹní yẹn fún Súbérù.

"Bóyá o gbàgbé. Ilé yẹn kún fún èrò lọ́jọ́ náà. Ènìyàn lè fi ẹnu kan omi kó má rántí. Ronú dáadáa."

Gbogbo wọn mọ ilẹ̀kùn tí Alhaji ń ṣí. Bísíríyù gbé orí kúrò lórí fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú kan ni ẹ̀rù bà á. Súbérù rí i, ojú Awòṣin kò tíì kú. Ó rí ọ̀fun Bísíríyù tó lọ sókè tó bọ̀ sílẹ̀. Ó lè gbé ọwọ́ lé e, kó fún un pa.

"Mi ò gbàgbé, Alhaji. Ó gbé omi wá. Èmi ni mo kọ̀ ọ́."

Bísíríyù padà sórí fóònù rẹ̀.

Hussein ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le. "Bàbá, ẹ mu ún nílé tèmi. Ẹ mu ún nílé gbogbo wa. Kí ló dé tí ẹ ò mu ún lọ́dọ̀ wọn?"

"Mo rò pé mo ti mu ún láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sẹ́yìn."

"Apá tèmi ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn, Bàbá."

Súbérù ní, "Òótọ́ lo sọ." Alhaji ní kí wọ́n gba ẹní náà sọ́dọ̀ òun, àwọn á wá ẹlòmíràn kí ọdún tó yí po. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó bú u. Bí wọ́n ṣe ń dìde, Bísíríyù súnmọ́ ọn, ó na ọwọ́.

"Ọmọ Ìyá," ó rọra wí, "o ṣeun. Mo ti sọ fún Ìyá Sìlífátù pé o ò ní purọ́ mọ́ mi."

Súbérù wo ọwọ́ náà bó ṣe máa ń wo pátákò. Ó yà fún un, ó gba ọ̀nà èbúté lọ.

Kò fẹ́ wọ mọ́tò lọ́jọ́ náà, nítorí gbogbo onímọ́tò ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń lọ sí Ìkòròdú ló wọ̀. Wọ́n fún un ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi ń léfòó, ó fà á dé àgbọ̀n, ó fa fìlà wálẹ̀ bá a. Bí wọ́n ṣe dé àárín ọ̀sà, ọmọkùnrin kan ní ìdí ọkọ̀ tan fídíò lórí fóònù, ohùn Súbérù sì jáde láti ibẹ̀ kedere: "Ìràwọ̀ ni àkọ́kọ́." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín.

"Tún un tàn," ẹnìkan wí.

Obìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Súbérù pẹ̀lú abọ́ ẹja yíyan lórí itan. Muslimah ni àwọn yòókù ń pè é. Ó pòṣé. "Bàbá yẹn ti jẹun gan-an. Ẹ wo bó ṣe pè é, ẹnu rẹ̀ ṣì ń yọ̀ fún epo."

"Kò jẹ nǹkan kan," Súbérù wí, ó ń wo omi.

"Ta ló sọ fún yín?"

Ẹja tí ìrù rẹ̀ jókòó lórí àga wá sí i lọ́kàn.

"Ẹja ló jẹ," ó wí. "Ẹja nìkan."

Muslimah yíjú sí i. "Ẹ mọ̀ ọ́n ni, Bàbá?"

"Lásunwọ̀n ló ń gbé. Ó ń rán bàtà."

"Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún un pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Hussein. Àwọ̀n rẹ̀ wà nílẹ̀ báyìí, kò lè gbé e, ìyàwó rẹ̀ sì lóyún. Ẹ ní mo ní kí ni wọ́n ṣe fún un tó fi lè wojú ayé, kó pe ẹṣin arọ ní àkọ́kọ́."

"Màá sọ fún un."

"Ẹ má gbàgbé o."

"Mi ò ní gbàgbé."

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí abọ́ rẹ̀, ó yọ ẹja kan tó tóbi, ó dì í sínú bébà, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun rán an kò rọrùn fún àgbàlagbà. Súbérù ní kó gbé e padà. Ó kọ̀. Títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú ló di ẹja náà mú lórí orúnkún rẹ̀, fídíò náà sì ń pe Ìràwọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, léraléra.